Ẹnu Rachel Kọ́ La Ti Gbọ́ Ọ

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá tó kọjá, àwa méje tí a jọ ń kàwé jókòó sí pálọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wa jà nítorí obìnrin tí kò gbé ayé rí. Tíì ti tutù nínú ife. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan bísíkíìtì. Bàbá kan tó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì ń fi ìka gbá ẹ̀yìn ìwé bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Màmá àgbà kan tí wọ́n bí sí Cornwall, agbègbè tó wà lódìkejì odò sí wa, kọjú sí fèrèsé, ó ní òun ò sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí mo ti rí oríṣiríṣi ẹbí tó ń jà lórí aláìsàn, àyà mi ń lù kìkìkì bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹnì kan nílé wa. Ó kan ẹnì kan nílé wa lóòótọ́. Mi ò kàn tíì so ó pọ̀ mọ́ra nígbà yẹn ni.

Ìwé tó dá a sílẹ̀ ni My Cousin Rachel, èyí tí Daphne du Maurier kọ, tó jáde ní ọdún 1951. Ìtàn ìfẹ́ ni, ìtàn ayé àtijọ́ ni, àdììtú sì ni, nítorí ikú kan wà nínú rẹ̀ tí a ò mọ ẹni tó fà á. Ẹni tí kò bá tíì kà á, tí kò sì fẹ́ mọ bó ṣe parí, kó fi ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ ná. Mi ò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn mi láì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Philip Ashley ló ń sọ ìtàn náà. Ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kú láti kékeré, Ambrose tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ló wò ó dàgbà nínú ilé ńlá kan ní Cornwall, ibi tí Ambrose kò ti gba obìnrin kankan láyè, títí dórí ọmọ ọ̀dọ̀. Òjò àti òtútù ibẹ̀ kò bá ara Ambrose mu, dókítà sì ní kó máa lọ lo ìgbà òtútù níbi tí oòrùn wà. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó lọ ló dé Florence ní ilẹ̀ Ítálì, níbẹ̀ ló ti pàdé Rachel, opó kan tó tan mọ́ ìdílé wọn. Ó fẹ́ ẹ. Lẹ́tà tó kọ́kọ́ ń wá sílé dùn bí oyin. Nígbà tó yá, orí fífọ́ wọ inú lẹ́tà, ìfura tẹ̀ lé e, títí ọ̀kan fi dé tó ń bẹ Philip pé kó máa bọ̀ kíákíá, Rachel ti ṣe òun tán. Philip gbéra. Kó tó dé Florence, wọ́n ti sin Ambrose. Wọ́n ní kókó ló wà nínú ọpọlọ rẹ̀.

Philip búra pé òun á gbẹ̀san. Àfi bí Rachel ṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Cornwall, obìnrin kékeré kan nínú aṣọ ọ̀fọ̀, ẹlẹ́yinjú ńlá, tí kì í pariwo. Ìbínú Philip yọ́ bí òrí inú oòrùn. Lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọdún 25, tí dúkìá bọ́ sí i lọ́wọ́, ó kó gbogbo rẹ̀ lé Rachel lọ́wọ́: ilé, ilẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ ìdílé. Ó gbà pé Rachel ti ṣèlérí láti fẹ́ òun. Rachel ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Àìsàn dá Philip wólẹ̀, Rachel ló dúró tì í tó tọ́jú rẹ̀. Ara rẹ̀ yá tán, ó rí èso igi laburnum láàárín ẹrù Rachel, èso tó jẹ́ májèlé. Àwọn òṣìṣẹ́ sì ti sọ fún Philip pé afárá tuntun tí wọ́n ń ṣe nínú ọgbà kò tíì lè gba ènìyàn dúró. Rachel ní òun fẹ́ lọ rìn nínú ọgbà. Philip kò sọ nǹkan kan fún un.

Afárá já. Kí Rachel tó gbẹ́mìí mì lọ́wọ́ Philip, ó ṣíjú wò ó, ó sì pè é ní Ambrose.

Ibẹ̀ ló parí sí. Du Maurier kò sọ fún wa bóyá Rachel ló pa ọkọ rẹ̀ tàbí kì í ṣe òun. Ó fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lọ.

Mo ti kà á rí. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìwé kan ṣoṣo sì ń ti ọwọ́ ọ̀kan dé ọwọ́ èkejì nínú yàrá wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ojú ewé àkọ́kọ́ ti já lọ, ó sì ń rùn bí kànáfùrù torí inú àpótí aṣọ la máa ń fi í pamọ́ sí. Mo kà á lóru méjì pẹ̀lú àtùpà. Kí n tó dé ìdajì, mo ti dá Rachel lẹ́bi. Mo sọ ọ́ sókè fún àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ pé apọkọ ni obìnrin yìí, ẹni tí afárá bá sì já mọ́, Ọlọ́run ló mú un. Ẹnì kan nínú wa bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní ohun tí mo rí tó. Mi ò lè tọ́ka sí nǹkan kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, síbẹ̀ ọkàn mi balẹ̀ lórí ìdájọ́ yẹn bí ẹni jókòó sórí àpáta.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún, nígbà tí àwa tí a ń kàwé pọ̀ mú ìwé yìí fún oṣù Kọkànlá, mo ra ẹ̀dà mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù. Ojú ewé àkọ́kọ́ tí mi ò kà rí wà níbẹ̀. Ohun tí Philip fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni oríta kan tí wọ́n ti máa ń yẹgi fún ọ̀daràn láyé àtijọ́. Ọmọ ọdún méje ni òun nígbà tí Ambrose mú òun lọ síbẹ̀ láti wo òkú ọkùnrin kan tí wọ́n so rọ̀, tó ń mì nínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà ni pé ó pa ìyàwó rẹ̀. Mo dá ìwé náà dúró lórí itan mi. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, èrò mi ni pé ìtàn obìnrin tó pa ọkọ rẹ̀ ni mo kà. Ṣé ẹ rí i pé ọkùnrin tó ń sọ ìtàn kò kọ́kọ́ fẹnu ba ti Rachel? Igi tí wọ́n ń yẹ fún apàyàwó ló fi ṣí ẹnu, òun náà ló tún fi pa ẹnu dé ní ojú ewé tó kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni bàbá ọlọ́pàá gbé kalẹ̀ ní Sátidé yẹn. Ó ní tí wọ́n bá kó ẹjọ́ Rachel wá fún òun lẹ́nu iṣẹ́, òun ò ní gbé e dé kóòtù: lẹ́tà aláìsàn tí orí rẹ̀ kò pé mọ́, èso igi tó pọ̀ káàkiri ọgbà, owó tó ń jáde lọ sí Florence. Kò sí èyí tó dúró nínú wọn. Ó wá gbé ìwé náà sókè. Ó ní, "Ẹjọ́ kan wà tó dúró gbọn-in, tí ọ̀daràn fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ọmọkùnrin yìí mọ̀ pé afárá ò dáa, ó sì panu mọ́. Ìjẹ́wọ́ ló wà lọ́wọ́ wa yìí, wọ́n kàn fi aṣọ ìfẹ́ wé e ni."

Màmá Cornwall kò gbà. Ó ní ẹni tó ń kú lọ kì í purọ́, Ambrose sì kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wa: bí Rachel ṣe ń po ewé àti egbò mu fún gbogbo ilé, ohun tó ń pè ní tisana, tí à bá pè ní àgbo, bó ṣe ń náwó, bí Rainaldi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ítálì, ṣe ń yọjú níbi tí kò yẹ kó ti yọjú. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ló tó fi kún un jẹ́jẹ́ pé bàbá òun fẹ́ ìyàwó kejì lọ́jọ́ ogbó, oko tí ìdílé àwọn ti ń dá láti ìgbà bàbá-bàbá òun sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ obìnrin náà. Kò sẹ́ni tó fèsì. Mo rò ó pé òun nìkan ló sọ ìdí ìdájọ́ tirẹ̀ síta nínú gbogbo wa, mo sì bọ̀wọ̀ fún un.

Ọmọbìnrin Ghana kan tó jẹ́ apòògùn ló mú ọ̀rọ̀ màjèlé náà débi tó yẹ. Gbogbo ara igi laburnum ló léwu, ó ní, èso rẹ̀ ló sì burú jù. Òdòdó igi náà máa ń so rọ̀ wálẹ̀ ní ìṣírí-ìṣírí, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè, ó rẹwà débi pé àwọn òyìnbó ń gbìn ín sẹ́nu ọ̀nà ilé. Cytisine lorúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń pani lára. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, inú á máa rú u, á máa bì, oorun á máa kùn ún, tó bá pọ̀ jù gìrì á gbé e. Àìsàn tó máa ń yára hàn ni, kì í ṣe èyí tó ń fa orí fífọ́ fún oṣù mélòó kan.

Èmi náà dá sí i níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni. Kókó inú ọpọlọ tí wọ́n ní ó pa Ambrose, irú rẹ̀ náà ló pa bàbá tó bí i nínú ìtàn náà. Mo ti tọ́jú irú àwọn bẹ́ẹ̀. Orí á máa fọ́ wọn láàárọ̀ tí wọ́n bá ń jí, wọ́n á bì, ojú á máa ṣe bàìbàì, ìmọ́lẹ̀ á di ọ̀tá. Nígbà tó bá yá, ìwà á yí padà. Ẹni tó tutù bí omi àmù á di oníbìínú. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹni tó sún mọ́ wọn jù lọ, ẹni tó ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí kì í gba omi lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó máa ń rọra sọ fún mi létí pé ó ti fi nǹkan sí i. Ìyàwó náà á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, á máa wo ilẹ̀. Mo máa ń gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo máa ń fún ọkọ rẹ̀ mu, á sì mu ún. Omi kan náà ni.

Nítorí náà nígbà tí mo ka lẹ́tà Ambrose lẹ́ẹ̀kejì, mi ò rí ẹ̀rí níbẹ̀ mọ́. Aláìsàn tí ẹ̀rù ń bà ni mo rí.

Ọmọkùnrin tó kéré jù nínú wa ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó ní tí ènìyàn bá ka ojú ewé bí ọ̀ọ́dúnrún, ó yẹ kí òǹkọ̀wé san gbèsè rẹ̀, kó sọ ẹni tó ṣe é. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló rò bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe pé wọn ò lóye. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti kọ́ wa pé ní ìparí, ẹnì kan á dúró láàárín pálọ̀, á nawọ́ sí ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, Du Maurier san gbèsè rẹ̀. Ibi tí a ò wò ló san án sí. Ojú wa wà lára Rachel láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, a ò rí i pé àwa àti apànìyàn la jọ ń rìn bọ̀.

Ohun tó tún dùn mọ́ mi ni bí òǹkàwé méjì ṣe lè di ẹ̀rí kan náà mú, kí ọ̀kan fà á sọ́tùn-ún, kí èkejì fà á sósì. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ìwé tí Philip fi gbé dúkìá fún Rachel. Lọ́yà kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí Rachel bá tún ọkọ fẹ́, gbogbo rẹ̀ á padà sọ́dọ̀ Philip. Rachel sì kọ̀ láti fẹ́ Philip. Ẹnì kan nínú wa ní, "Ẹ ò rí i? Owó ló ń wá." Mo ní òmìnira ló ń wá. Láyé ìgbà tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ (òǹkọ̀wé kò dá ọdún, ṣùgbọ́n ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ń gùn, àbẹ́là ni wọ́n ń tàn), obìnrin tó bá lọ́kọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní dúkìá tirẹ̀ lábẹ́ òfin. Ohun tó bá mú wọlé ọkọ, ọkọ ló ni ín. Òfin ọdún 1870 ló kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ díẹ̀, ti 1882 ló wá jẹ́ kí ìyàwó ilé lè ní nǹkan tirẹ̀ gan-an. Rachel ti lọ́kọ ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn méjèèjì kú, wíìlì tí Ambrose ṣe tó dárúkọ rẹ̀ sì wà nílẹ̀ láì fọwọ́ sí. Ìwọ̀nba àkókò tó fi jẹ́ ìyàwó Ambrose kò fún un ní nǹkan kan tó lè pè ní tirẹ̀. Ó wá rí ibi fìdí lé fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní kó tún kó o padà fún ọkùnrin. Ìwọ ńkọ́, ìyá, ṣé wàá kó o?

Ọkọ mi tí kò sí nínú ẹgbẹ́ wa, àmọ́ tí mo ti fi ìtàn náà ka láyà nílé, ní ìfẹ́ ni. Ó ní ọmọkùnrin tó lè gbé gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ fún obìnrin, kí la tún fẹ́ pè é? A jiyàn lórí rẹ̀ títí a fi sùn. Èmi ò lè pè é ní ìfẹ́, mo sì fẹ́ sọ ibi tó ti dá mi lójú. Àsìkò Kérésìmesì ni. Philip lọ gbé ìlẹ̀kẹ̀ péálì ìdílé wọn jáde ní báńkì, èyí tí àwọn ìyàwó ilé náà máa ń fi ṣègbéyàwó, ó sì fi sí Rachel lọ́rùn. Ó wọ̀ ọ́ jókòó síbi oúnjẹ láàárín àwọn ayálégbé. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. Alágbàtọ́ Philip, ọ̀gbẹ́ni Kendall, rí i, ó pè wọ́n sẹ́yìn, ó ní kó dá a padà, kò tíì di ti Philip láti fi tọrẹ. Rachel gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn ọrùn, ó tú u, ó fi í lélẹ̀. Kò jà. Philip ló ń bínú, ó ń bínú nítorí ara rẹ̀. Jálẹ̀ gbogbo ìwé náà, ẹ̀bùn rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kò sì fìgbà kan bi obìnrin yìí pé kí lo fẹ́. Nígbà tí kò rí ohun tó rò pé òun ti fi ẹ̀bùn rà, ọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀fun Rachel. Ẹni tó bá ní ìfẹ́ nìyẹn, kó tún ojú ewé yẹn kà.

Nígbà tí wọ́n wá yẹ yàrá Rachel wò lọ́jọ́ ìkẹyìn, láti wá ẹ̀rí, lẹ́tà kan ni wọ́n rí tó fi hàn pé ó ti dá ohun ọ̀ṣọ́ wọ̀nyẹn padà sí báńkì. Ó ti fẹ́ máa lọ. Lákòókò yẹn gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lórí ilẹ̀ ọgbà, ó ti wà lórí afárá.

Ìtàn yìí ní ìdí kan ní Cornwall, kò sì jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, èmi àti ọkọ mi wọ ọkọ̀ ojú omi Torpoint kọjá odò Tamar, a lọ sí Antony, ilé àwọn ìdílé Carew. Àwòrán Rachel Carew kan wà níbẹ̀, òun ló ta Du Maurier lọ́kàn tó fi ronú kan Rachel tirẹ̀. Ilé tí Du Maurier fúnra rẹ̀ ń gbé nígbà náà ni Menabilly, nítòsí Fowey, tó háyà láti 1943 títí di 1969, ó sì jọ ilé Philip gan-an: igi tó yí i ká, òkun tó wà nísàlẹ̀. Mo dúró níwájú àwòrán yẹn títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Obìnrin tó ti kú tipẹ́, tí mi ò mọ ohun kan nípa ayé rẹ̀, tí ẹlòmíràn wò lójú tó fi dá ìtàn pípa ọkọ lé e lórí. Ọkọ mi ní, "Ṣé kí a máa lọ?" Mo ní kó ṣe sùúrù.

A wo fíìmù rẹ̀ pẹ̀lú. Méjì ló wà tí mo mọ̀, èyí tí Olivia de Havilland àti Richard Burton ṣe ní 1952, àti ti 2017 tí Rachel Weisz wà nínú rẹ̀. Ti 2017 la wò pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Bí a ṣe rí ojú obìnrin náà lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń rẹ̀ ẹ́, Màmá Cornwall sọ pé, "Ó ti rẹ ẹni yìí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé ohun tí ìwé kò fún wa láàyè láti rí nìyẹn. Nínú ìwé, kò sí ibì kan tí Rachel ti wà láìsí Philip níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ, Philip ló ní ó sọ ọ́. Bó ṣe wojú, Philip ló ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wò. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ti mọ òwe yẹn kí n tó mọ ìwé kà. Kò sì dá mi dúró.

Oṣù Kejìlá ni mo sọ ìtàn náà fún ìyá mi lórí WhatsApp. Àárọ̀ Sunday ni, ó ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ń gbọ́ bí ẹ̀wà ṣe ń bọ́ sínú abọ́. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń pàlọ́, ó sì ń dáhùn. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní Rachel fi àgbo pa ọkọ, ẹ̀wà dákẹ́.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, obìnrin yẹn, ṣé ó bímọ?"

Mo ní, "Rárá, Màámi. Oyún bà jẹ́ lára rẹ̀. Wọ́n ní kò ní lè bí mọ́."

Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó wá ní, "Tó bá bímọ ni, wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀ sí i."

Mo mọ ẹni tó ń sọ. Màmá Kékeré ni, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ọdún 1990 ni ọkọ rẹ̀ kú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Orí ni wọ́n ní ó ń fọ́ ọkọ náà, ojoojúmọ́, láàárọ̀. Màmá Kékeré ń se àgbo fún un. Nígbà tó kú, àwọn ẹbí ọkọ ní inú àgbo ni ikú wà. Ó kó wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú àpò kan, ó ń sùn nínú yàrá àwa ọmọ. Àwọn ọmọ àdúgbò ti gbọ́, wọ́n sọ fún mi pé kí n má jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dín àkàrà, ó fi ewé wé mẹ́ta fún mi, ó ṣì ń gbóná, ó sì rẹwà. Mo ní ebi ò pa mí. Lọ́jọ́ kejì mo tún ní ebi ò pa mí. Kò bi mí léèrè. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò fún mi mọ́, àbúrò mi tí kò mọ nǹkan kan ló ń fún. Ọdún mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ wa. Mi ò jẹ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí láti ọjọ́ náà. Ó kú ní 2009, mo wà níbí nígbà náà, mi ò lọ sìnkú rẹ̀.

Ọmọ ogún ọdún tó ń sọ ọ́ sókè nínú yàrá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì pé apọkọ ni Rachel, ọmọ tó kọ àkàrà yẹn ni. Tí Rachel kò bá jẹ̀bi, kí ni mo ṣe fún Màmá Kékeré?

Mo sọ fún ìyá mi lọ́jọ́ náà pé orí tó ń fọ́ ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, èébì, ojú tó ń ṣe bàìbàì, mo ti rí i lára aláìsàn tí mi ò lè kà tán. Mi ò lè sọ pé ohun tó pa á nìyẹn, ó ti pẹ́ jù, mi ò sì sí níbẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé àbúrò òun kò ṣe é, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an lòun ti mọ̀. Ó wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Pé wọ́n ní kó mu nínú omi tí wọ́n fi wẹ òkú láti fi búra. Pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé igbá náà fún un.

"Kí lẹ sọ, Màámi?"

"Mi ò sọ nǹkan kan, Àbẹ̀kẹ́. Mo dúró níbẹ̀."

A ò sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ bó ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà, díẹ̀díẹ̀.

Sunday tó tẹ̀ lé e ló pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní ṣé ìwé yẹn wà ní Yorùbá. Mo ní mi ò rí i rí. Ó ní kí n máa kà á fún òun nígbà náà, bó ti wù kó gùn tó, kí n má fo ibì kankan. Àtìgbà náà la ti wà lórí rẹ̀, wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ìwé á wà lórí tábìlì, fóònù á fẹ̀yìn ti ife, màá ka gbólóhùn kan sínú, màá sọ ọ́ síta ní Yorùbá. Ibi tí mo bá ti wá ọ̀rọ̀ tì, á bá mi wá a. Òun ló ní kí n pe laburnum ní igi òdòdó ẹlẹ́wà olóró, ó ní kò gbọ́dọ̀ pamọ́ fún ẹni tó ń gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, mo ka ti oríta, ti òkú tó ń mì, ti ọmọ ọdún méje tó ń wò ó. Ó ní kí n dúró.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ yìí?"

"Philip ni, Màámi."

"Òun nìkan ló máa sọ ọ́ títí dópin?"

"Òun nìkan ni, Màámi."

Mo gbọ́ tó fa àga sún mọ́ fóònù.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Máa kà á."